Wọ́n Ní Mùsílímátù Ń Febi Pa Mí

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Lásunwọ̀n,
                                        Ìkòròdú.
                                        Ọjọ́ kejìlá, Oṣù Kẹwàá, 1956.

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà, Ṣàmsúdéènì,

Mo kí ọ, mo kí ilé, mo kí gbogbo Ẹ̀pẹ́. Ṣé àlàáfíà ni ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ wà? Ìyá wa àgbà ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ti rọlẹ̀? Ẹja ńkọ́, ṣé ọ̀sà ṣì ń fún yín? Tiwa níhìn-ín, a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, àfi pé gbogbo Lásunwọ̀n ti ń múra ìsìnkú mi.

Má fòyà, ara mi le.

Ìwọ náà mọ bí mo ṣe tóbi tó. Iṣẹ́ télọ̀ kì í jẹ́ kéèyàn dìde. Ìdí ẹ̀rọ ni mo ń jókòó sí látàárọ̀, ibẹ̀ náà ni Mùsílímátù ìyàwó mi ń gbé oúnjẹ bá mi. Nínú oṣù Èrèlé, mo gun àtẹ̀gùn mẹ́ta péré níbi ìsọmọlórúkọ kan, ojú mi ṣú, mo sì wó lu àwo àkàrà. Àwọn èèyàn ní ọlá ló wó. Dókítà tó yẹ̀ mí wò kò rí ọlá kankan níbẹ̀ ní tirẹ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ mi ń ru. Ó ní, "Bí ẹ ò bá dín ara yín kù, télọ̀ mìíràn ni yóò gé aṣọ tí wọn ó fi sin yín." Ó ní kí n má kánjú, kí n kọ́kọ́ dín òkèlè bíi mélòó kan kù, kí n sì máa fẹsẹ̀ rìn díẹ̀díẹ̀.

Lọ́sẹ̀ kìíní, mo rìn dé ilé kẹta sí tiwa, mo sì padà. Òkèlè tí mo bá fi sílẹ̀, mo ń rí i lójú àlá. Lọ́sẹ̀ kẹta, mo fi téèpù wọn ikùn mi, kò yẹ̀ rárá. Inú bí mi, mo jẹ ẹ̀bà àwo méjì. Lọ́jọ́ kejì mo tún bẹ̀rẹ̀. Kì í ṣe pé mo nígboyà, ojú dókítà yẹn ló ń tì mí. Ohun tó gbà mí ni ṣòkòtò mi kan. Mo jáwọ́ nínú wíwọn ikùn lójoojúmọ́. Ìparí oṣù nìkan ni mo ń gbé ṣòkòtò náà sábẹ́ ẹ̀rọ, bí ìbàdí rẹ̀ bá fi ìwọ̀n ìka kan tóbi jù fún mi, mo rán an wọlé. Mo ti rán an wọlé lẹ́ẹ̀mẹ́fà báyìí. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, bí ò tilẹ̀ yẹ kí mùsùlùmí fi ẹlẹ́dẹ̀ júwe ara rẹ̀.

Ìgbà tó wá hàn lára mi ni wàhálà dé. Àwọn oníbàárà mi ń fi àánú wò mí. Lẹ́mọ́ọ̀mù ṣàdúà ìwòsàn fún mi láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní Mùsílímátù ń febi pa mí. Ọ̀rọ̀ náà dé etí ìyá rẹ̀ ní Ìmọ́tà, màmá sì gbéra, ó ru ìrẹsì, ó fa àkùkọ méjì. Bó ṣe rí mi, ó bú sẹ́kún. "Mùsílímátù, kí ni ọkọ rẹ fi ṣẹ̀ ọ́?"

Ìyàwó mi náà sunkún. Ó ní, "Bàbá Kúbúrátù, ẹ ti bà mí lórúkọ jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹun!"

Ṣàmsúdéènì, ibẹ̀ ló kù díẹ̀ kí n ti jáwọ́. Ebi ò tíì dùn mí tó omijé yẹn. Mo bu ṣíbí ìrẹsì kan, mo sì rántí bí Kúbúrátù ọmọ mi ṣe ń ké pè mí lọ́jọ́ tí mo wó. Mo gbé ṣíbí sílẹ̀. Mo wá sọ ohun tí dókítà wí fún Mùsílímátù, nítorí ìtìjú kò jẹ́ kí n sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Ooru ni mo ti sọ fún un pé ó gbé mi ṣubú.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, kí n tó wọ bàtà, Mùsílímátù ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ jẹ́ ká lọ. Bí wọ́n bá rí wa pọ̀, wọ́n á mọ̀ pé mi ò lé yín jáde nílé."

Láti ìgbà náà la ti jọ ń rìn lọ sí ọ̀nà Ìbẹ̀ṣẹ̀. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ mi ti ń rọlẹ̀, kí n má dúró. Ara Mùsílímátù náà ti fúyẹ́. Àwọn ará àdúgbò ò sì sọ pé ó ń febi pa mí mọ́. Wọ́n ní àìsàn mi ti ràn án ni. Inú rẹ̀ dùn jọjọ. Ó ní kí wọ́n máa ṣàánú òun sàn ju kí wọ́n máa bú òun lọ.

Bá mi kí Ìyá àgbà àti gbogbo ilé.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ tó ń dín kù, tí ìfẹ́ rẹ̀ sí ọ kò dín,

Bísíríyù.