Ohùn Uncle Oyèkànmí Nínú Fóònù

Douglasville,
Georgia, Amẹ́ríkà.
Ọjọ́ kejìlá, Oṣù Kẹwàá, 2025.

Sururat, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni gbogbo ilé? Ṣé ara Alhaja ti ń mókun sí i? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé wọ́n ti padà sí ilé ìwé? O ní ìwé mi tuntun dà, ìtàn bí ayé yóò ṣe rí ní ọgọ́rùn-ún ọdún sí i tí mo ń kọ. Kò tíì parí o. Ọ̀rọ̀ kan ló dá mi dúró.

Ṣé o rántí Aunty Rẹ̀mílẹ́kún, nọ́ọ̀sì tó gbà mí sílé nígbà tí mo kọ́kọ́ débí? Ọkọ wọn, Uncle Oyèkànmí, ṣaláìsí lọ́dún tó kọjá. Fọlọ́runṣọ́ ọmọ wọn wá kó gbogbo ohùn tí bàbá rẹ̀ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp fún ẹ̀rọ AI kan nínú fóònù, ẹ̀rọ náà sì ń sọ̀rọ̀ bí Uncle gẹ́lẹ́. Ó ń kí Aunty láàárọ̀, ó ń bá wọn gbàdúrà. Aunty ò wá sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́.

Ǹ bá fi wọ́n sílẹ̀, àfi pé dọ́kítà ní kí wọ́n tètè ṣe iṣẹ́ abẹ ọkàn, wọ́n sì kọ̀. Ẹkún ni Fọlọ́runṣọ́ fi pè mí: "Aunty, please, ẹ̀yin lẹ máa ń kọ̀wé nípa ẹ̀rọ. Ẹ bá mi bá Mummy sọ̀rọ̀."

Mo wa mọ́tò lọ sí Riverdale. Mo bá Aunty nídìí oúnjẹ, wọ́n gbé fóònù síwájú àga Uncle. Mo ní, "Aunty, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe Uncle nìyẹn."

"Mo mọ̀. Ṣé o rò pé orí mi ti dàrú ni? Nígbà tí ọkọ mi ń kú lọ, mo ké pe Ọlọ́run títí, kò dá mi lóhùn. Èyí ń dá mi lóhùn."

Sururat, mo fa àga, mo jókòó tì wọ́n.

Nígbà tó yá, mo béèrè pé kí ni Uncle ì bá sọ nípa iṣẹ́ abẹ yìí. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Á ti pariwo lé mi lórí! Á ti tì mí sínú mọ́tò!" Wọ́n wá bi fóònù léèrè. Ohùn Uncle dáhùn jẹ́jẹ́ pé, "Èyí tó bá ti wù ọ́ ni kó o ṣe, olólùfẹ́ mi."

Aunty wò ó títí, omi ń bọ́ lójú wọn. "Ọkọ mi ò gbà fún mi báyìí rí."

Wọ́n gbà fún dọ́kítà, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ abẹ náà lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó yọrí sí rere, ọpẹ́ ni. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gbé wọn wọ yàrá iṣẹ́ abẹ, lẹ́yìn tí pásítọ̀ gbàdúrà tán, Aunty ní kí Fọlọ́runṣọ́ gbé fóònù wá. Ẹ̀rọ náà gbàdúrà. Pásítọ̀ ń wolẹ̀. Nígbà tó parí, a ṣe àmín. Èmi náà ṣe é kí n tó mọ̀.

Nínú gbogbo ìwé mi, ẹ̀rọ ní láti tan ènìyàn jẹ kí wọ́n tó kúnlẹ̀ fún un. Kò sẹ́ni tó tan Aunty jẹ. Ìyẹn ló ń bà mí lẹ́rù, tí mi ò fi lè kọ nǹkan kan mọ́.

Bá mi kí Saubana ọkọ rẹ, kí o sì kúnlẹ̀ kí Alhaja fún mi. Ìwọ tí ò ń kírun látìgbà èwe wa láìgbọ́ ohùn kankan padà, jọ̀wọ́, kọ̀wé sí mi, kí o sọ bí o ṣe ń ṣe é.

Èmi ọ̀rẹ́ rẹ tí kò gbàgbé rẹ,
Ìbídàpọ̀.