Ìjókòó Ẹ̀gbọ́n Nínú Láńdírófà

Èmi, Olúbọ̀dé Ògúnṣọlá, ọmọ bíbí Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin, tí mo ń gbé ní àdúgbò Valence ní Dagenham, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé ìhágún yìí. Orí mi pé. Ẹnikẹ́ni kò fipá mú mi, ẹnikẹ́ni kò sì tàn mí. Ọkàn mi ni kò lù déédéé mọ́, ìdí nìyí tí wọ́n fi fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ń bọ̀. Dókítà ní kí n má ṣèyọnu. Ó rọrùn fún un láti sọ.

Mo yan Wúrà, ọmọ mi obìnrin, àti Ọláníkẹ́, agbẹjọ́rò inú ìjọ wa, láti mú ìwé yìí ṣẹ. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wà fún wọn, ó sì wà fún Ṣọlá, ọmọ mi ọkùnrin.

1. Ilé mi, kí Wúrà àti Ṣọlá pín in dọ́gba. Bí wọ́n bá fẹ́ tà á, kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ páìpù omi tó wà lábẹ́ síǹkì wò. Mo ti dí ibi tó ń jò, ṣùgbọ́n n kò fọkàn tán an.

2. Ológbò tí Ìbíyẹmí ìyàwó mi fi sílẹ̀ nígbà tó kú, Ṣọlá ni mo fún. Ó ní òun kò fẹ́ràn rẹ̀. Mo ti rí i tó ń fún un ní ẹja jẹ lábẹ́ tábìlì.

3. Àpótí sípánà mi, ti Ṣọlá náà ni. Ó pe Láńdírófà ológun mi ní páànù lójú àwọn ará ìjọ, ọ̀rọ̀ náà dùn mí, a kò sì sọ̀rọ̀ gidi síra wa títí ọdún fi yípo. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí sáléńsà, páìpù èéfín ọkọ̀ náà, já bọ́ lójú ọ̀nà, òun ló fi aṣọ ọ́fíìsì rẹ̀ sùn sábẹ́ ọkọ̀ nínú òjò, tó fi wáyà so ó. Mo rántí méjèèjì.

4. Mo jẹ Derek Pledger ní jáàkì kan. Ó wà nínú ahéré ẹ̀yìn ilé, lẹ́yìn àwọn agolo ọ̀dà. Kí wọ́n nù ún dáadáa kí wọ́n tó dá a padà.

Derek ni ọ̀rẹ́ mi. Gáréèjì bọ́ọ̀sì kan náà ni àwa méjèèjì ti ṣe mẹkáníìkì kí a tó fẹ̀yìn tì. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo rí òyìnbó kan tí irun rẹ̀ funfun bí òwú, mo sì gbà pé àgbà ni. N kò lè pe àgbà lórúkọ, bí gbogbo wọn tilẹ̀ ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ń pè é ní Ẹ̀gbọ́n. Ó béèrè ìtumọ̀ rẹ̀. Mo ní ẹni tó ṣáájú mi wá sáyé ni, pé èmi ní láti máa bọ̀wọ̀ fún un, òun náà sì ní láti máa tọ́jú mi. Ó rò ó díẹ̀, ó ní ó dára, òun gbà.

Ó sì gbà lóòótọ́. Nígbà tí Ìbíyẹmí kú, Derek ti dé ilé wa kí wòlíì ìjọ wa tó dé. Ó fọ abọ́, ó to àga. Létí sàréè, ó di agbòjò lé mi lórí títí aṣọ tirẹ̀ fi rin gbingbin.

Òun ló mú mi wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ní ọkọ̀ ológun àtijọ́. Ní òpin ọ̀sẹ̀ kan nínú oṣù karùn-ún lọ́dọọdún, a máa ń pàgọ́ sí pápá àgbẹ̀ kan lẹ́yìn Ongar, a ó sì to ọkọ̀ tẹ̀léra gba àwọn ọ̀nà tóóró inú ìgbèríko lọ sí Thaxted. Derek a wà níwájú nínú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀, tí wọ́n kọ EGBON sí lára ilẹ̀kùn, nítorí gbogbo ẹgbẹ́ rò pé orúkọ ìnagijẹ rẹ̀ nìyẹn. Èmi a wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí a bá ń gun òkè, ọkọ̀ rẹ̀ a máa rá pálá, èéfín rẹ̀ a kún imú mi, ṣùgbọ́n n kò gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá rí. Ta ni yóò gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọjá?

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, mo máa ń wọ sùtánà funfun mi, n óò gbàdúrà lórí koríko, lẹ́yìn náà n óò wa ọkọ̀ láìwọ bàtà, nítorí a kì í wọ bàtà sí sùtánà. Irin kílọ́ọ̀ṣì a máa tutù lẹ́sẹ̀ bí yìnyín. Derek a ṣí fìlà, a sì kìlọ̀ fún gbogbo ẹgbẹ́ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tan ẹ́ńjìnnì títí àbúrò òun yóò fi ṣe àmín.

5. Ìpín yìí kò gbọdọ̀ dé etí Derek. Ní ọdún méjì sẹ́yìn ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, mo sì sìn ín lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà ojú. Nọ́ọ̀sì béèrè ọjọ́ ìbí rẹ̀, ó sì sọ ọ́ sókè. Mo fi ìka ṣírò rẹ̀. Mo tún un ṣírò. Ọdún márùn-ún ni mo fi ju Derek lọ! Láti ìgbà tí Wúrà wà lọ́mọ ọwọ́ ni mo ti ń gba ẹrù lọ́wọ́ ẹni tí mo dàgbà jù lọ.

Inú bí mi títí a fi délé. Lọ́jọ́ kejì ó gbé ọbẹ̀ ẹran wá, nítorí ó ní mo ti dákẹ́ jù. Ó jókòó tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán. Mo wò ó títí, n kò rí ohun kan tí ẹ̀gbọ́n máa ń ṣe tí kò ṣe fún mi. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un. Yorùbá ni mo fi kọ ìwé yìí kí ó má baà lè kà á. Bí Ọláníkẹ́ bá ń túmọ̀ rẹ̀ sí i létí, kí ó fo ìpín yìí.

6. Derek kò lè wakọ̀ mọ́, ó ti ta tirẹ̀. Ìjókòó òsì nínú Láńdírófà mi, tí kì í ṣe ti awakọ̀ ní ìlú yìí, ló ń jókòó sí báyìí. Kò ní ìyàwó, kò bímọ. Láti Kérésìmesì ló ti máa ń sọ̀rọ̀ òpin ọ̀sẹ̀ yẹn. Bí mo bá kú tí ẹ sì ta ọkọ̀ yìí, ta ni yóò wá gbé e? Ohun tí kò jẹ́ kí n rí oorun sùn nìyẹn, kì í ṣe iṣẹ́ abẹ.

Mo fún Wúrà ní Láńdírófà náà, pẹ̀lú àdéhùn pé ìjókòó òsì jẹ́ ti Derek ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ ẹgbẹ́, títí yóò fi kú. Kí Wúrà lọ gbé e nílé rẹ̀ ní Becontree Heath. Kí ó má jókòó sínú ọkọ̀ kí ó máa fọn fèrè pè é. Kí ó wọlé kí i.

Wúrà, mo mọ̀ pé o búra pé o kò ní wa ọkọ̀ yẹn mọ́ bí mo bá jókòó tì ọ́, nítorí ariwo tí mo pa lé ọ lórí ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ongar. Ó dára, n kò ní sí níbẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n gíá kejì ni kí o fi sọ̀ kalẹ̀ o.

7. Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí. Ọláníkẹ́ ti kìlọ̀ fún mi pé ẹni tí ìwé ìhágún bá fún ní nǹkan kò gbọdọ̀ fọwọ́ sí i gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí. Bí ó bá fọwọ́ sí i, ohun tí a fún un di òfo. Derek kò mọ èyí. Nígbà tó gbọ́ pé mo ń kọ ìwé, ó de táì ẹgbẹ́ mọ́rùn, ó mú bírò tirẹ̀ wá. Mo ní Abdulafeez aládùúgbò mi àti Jannah ìyàwó rẹ̀ ni yóò fọwọ́ sí i. N kò lè sọ ìdí rẹ̀. Bí Derek bá gbọ́ pé mo fún òun ní nǹkan, yóò ní òun kì í ṣe ẹni tí wọ́n ń ṣàánú, kò sì ní gbà á. Ó wo bírò ọwọ́ rẹ̀. Ó ní Abdulafeez kò tíì pé ọdún mẹ́ta ní ìlú yìí, pé òun rò pé ẹ̀gbọ́n ló máa ń kọ́kọ́ fọwọ́ sí nǹkan. Ó dé fìlà, ó lọ. Láti ìgbà náà kò gbé fóònù mi.

Ṣé kí n fún un ní bírò, kí ó pàdánù ìjókòó? Àbí kí n fún un ní ìjókòó, kí ó sì wà nínú ìbínú nígbà tí wọ́n bá ń gbé mi wọ yàrá iṣẹ́ abẹ?

8. Mo kọ ìpín yìí lẹ́yìn tí mo ti fi ìwé náà sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Àná mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Becontree Heath. Derek ṣílẹ̀kùn, kò kí mi. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún un lórí kọnkéré ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Nítorí ojú rẹ̀ tó ti ṣú, ó kọ́kọ́ béèrè kí ló já bọ́. Mo ní èmi ni. Ó fọwọ́ wá ẹ̀yìn mi. Ó ti rí i tí Ṣọlá ń dọ̀bálẹ̀ fún mi rí, nítorí náà ó yé e. Ó ní kí n dìde, òmùgọ̀ arúgbó. Orúnkún mi kò gbà. Ó fà mí, àwa méjèèjì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú sínú òdòdó aládùúgbò rẹ̀.

Ó béèrè bóyá òun lè wá fọwọ́ sí i báyìí. Mo ní rárá, Ẹ̀gbọ́n. Ó gbọn eruku kúrò lára aṣọ mi. Lẹ́yìn náà ó béèrè aago mélòó ni n óò wá gbé òun lọ́jọ́ Jímọ̀ tí ẹgbẹ́ yóò gbéra lóṣù karùn-ún. Mo ní aago mẹ́jọ àárọ̀. Ó ní kí n má pẹ́, nítorí mo máa ń pẹ́.

Wúrà, bí kì í bá ṣe èmi, ìwọ ni. Aago mẹ́jọ. Má pẹ́.

Mo fọwọ́ sí ìwé yìí ní Dagenham, ní ọjọ́ kejìlá, oṣù kẹta, ọdún 2026, lójú àwọn méjèèjì tí orúkọ wọn wà nísàlẹ̀, tí n kò fún ní ohunkóhun, tí wọn kò sì bínú.

Olúbọ̀dé Ògúnṣọlá

Ẹlẹ́rìí kìíní: Abdulafeez, aládùúgbò
Ẹlẹ́rìí kejì: Jannah, ìyàwó rẹ̀