Epo Tó Dà ní Limawa: Ìgbésí Ayé Nọ́ọ̀sì Inúmidùn Ọyèbọ̀dé (1965–2025)

Ní ọdún 1974, epo pupa dà sórí babanrìgá funfun tí oníbàárà kan gbé wá fún Pa Sámsìnì Ọláṣebìkan, bàbá olóògbé, aránṣọ ní Limawa nílùú Minna. Baba bèèrè ẹni tó dà á. Inúmidùn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, nawọ́ sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Olúgbémiga, ẹni tí kò tilẹ̀ sí nílé nígbà tí epo náà dà. Baba kò wádìí. Ó ní, "Ẹni tí kò mọ iyì aṣọ, ẹ jẹ́ kó wá jókòó tì í." Bí Olúgbémiga ṣe kúrò ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, tó dé ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ, tí kò sì padà mọ́.

Ẹ má bínú pé ibẹ̀ ni ẹbí ti bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀nà àwọn ọmọ méjèèjì ti yà.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù karùn-ún ọdún 1965 ni wọ́n bí olóògbé sínú agbo ilé Limawa yẹn. Ọ̀fà ni baba wọn ti wá, ọmọ Ìjàkadì lorò. Ọmọ Ìjàgbó ni ìyá wọn, Màmá Dèbórà. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ kì í ṣe ẹnu lásán: inú baba dùn sí i ju bó ṣe dùn sí àkọ́bí lọ. Ẹni tó bá fẹ́ jiyàn, kò gbé Limawa nígbà náà.

Ó ka ìwé girama ní Minna, ó sì wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ní ọdún 1984. Olúgbémiga ló rán yunifọ́ọ̀mù funfun rẹ̀ àkọ́kọ́, òun náà ló sì rán gbogbo èyí tó tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí àbúrò rẹ̀ gboyè jáde ní 1987, ó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, kò lọ. Ó ní èèyàn kì í lọ wòran oúnjẹ tí wọ́n gbà lẹ́nu òun.

Ní 1990, olóògbé fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Adémọ́lá Ọyèbọ̀dé, olùkọ́, wọ́n sì kọ́lé sí Fadikpe. Ó kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ. Lẹ́yìn ìsìn, á gbé àga kan síta, á máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn èèyàn wò, ará ìjọ àti Mùsùlùmí àdúgbò. "Màmá Nọ́ọ̀sì, sannu da aiki!" ni tọmọdé tàgbà fi ń kí i, ìyẹn "ẹ kú iṣẹ́" lédè Haúsá. Kò sẹ́ni tó ń kí aránṣọ bẹ́ẹ̀. Olúgbémiga kò na apá fún un lọ́jọ́ kan kó yẹ tirẹ̀ wò.

Láti nǹkan bí 2021 ni àwọn aláṣẹ ilé ìwòsàn tí olóògbé ti ń ṣiṣẹ́ ti ń dín ìnáwó kù. Nọ́ọ̀sì tó bá fẹ̀yìn tì, wọn kò fi ẹlòmíì rọ́pò rẹ̀. Wọ́ọ̀dù tí àwọn mẹ́fà ń tọ́jú di ti ẹni méjì. Ìbọ̀wọ́ tán, mọ̀lẹ́bí aláìsàn ló ń rà á lẹ́nu géètì. Olóògbé wá kọ́ àwọn mọ̀lẹ́bí bí wọ́n ṣe ń ṣọ́ dírípù: ẹni tó wá ṣọ́ bàbá tirẹ̀ á ṣọ́ ti bẹ́ẹ̀dì kejì mọ́ ọn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ wú títí tó fi ń wọ bàtà ọkọ rẹ̀ lọ síbi iṣẹ́.

Ní oṣù kẹta ọdún 2024, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún Olúgbémiga níkùn, wọ́n sì tẹ́ ẹ sí wọ́ọ̀dù àbúrò rẹ̀. Ó rò pé ó kan òun náà kí àbúrò òun tọ́jú òun. Inúmidùn kọjá lára bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Bilal, ọ̀dọ́mọkùnrin tí kẹ̀kẹ́ gbé ṣubú ní Chanchaga.

"Inúmidùn, èmi ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìyàwó yín wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ta ló wà lọ́dọ̀ eléyìí?"

"Àfi kí n lọ bá kẹ̀kẹ́ ṣubú kí o tó wò mí?"

Wọ́ọ̀dù bú sẹ́rìn-ín. Olúgbémiga kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ lọ ra ìbọ̀wọ́, ojú ọgbẹ́ rẹ̀ ya, ẹ̀jẹ̀ rin aṣọ bẹ́ẹ̀dì, ó pè títí, kò rí ẹnìkan. Ó fi ẹjọ́ sun àwọn aláṣẹ. Wọ́n ní Labibah, nọ́ọ̀sì kékeré tó kù, ló jẹ̀bi, kó máa lọ sílé. Èsì tí olóògbé fọ̀ lọ́jọ́ náà ni Labibah fi wà lẹ́nu iṣẹ́ títí di òní. Olóògbé ni wọ́n ní kó tètè fẹ̀yìn tì. Wọn kò tíì fi ẹnìkan rọ́pò rẹ̀.

Àìsàn ọkàn mú un lọ ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ó fi ọkọ sáyé lọ, àti ọmọ méjì, Tiwalọlá àti Fìyìnfólúwa, ọmọ-ọmọ mẹ́ta, àti ẹ̀gbọ́n kan ṣoṣo.

Èsì tó fọ̀ ní wọ́ọ̀dù lọ́jọ́ ẹjọ́ náà ni ẹbí fi ṣe ìkẹyìn, kí ẹ lè gbé e délé. Labibah ń sunkún. Àwọn aláṣẹ yí bẹ́ẹ̀dì Olúgbémiga ká. Inúmidùn wọlé sí àárín wọn.

"Kì í ṣe Labibah. Èmi ni mo rán an lọ sí wọ́ọ̀dù àwọn obìnrin, torí ẹnìkan kò sí níbẹ̀; èmi náà sì ti gbé Bilal lọ ya àwòrán egungun. Ẹ̀yin lẹ ní kí ẹni méjì ṣe iṣẹ́ ẹni mẹ́fà. Mo ti jẹ́ kí ẹlòmíì ru ẹ̀bi mi rí, n kò ní í ṣe é mọ́. Ọkùnrin tó dùbúlẹ̀ yìí ni. Èmi ni mo da epo sáṣọ. Mo purọ́ mọ́ ọn, wọ́n sì yọ ọ́ níléèwé. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́."

Ó tún "mo purọ́ mọ́ ọn" sọ lédè Haúsá, kí gbogbo wọ́ọ̀dù lè gbọ́: "Na yi masa sharri."

Olúgbémiga gbọ́. Ó na apá fún un.

Inúmidùn, ó tó. Kí ilẹ̀ Minna rọ̀ fún ọ ju ilẹ̀ wọ́ọ̀dù tí o dúró lé lọ.