Èésú Ìlera Tí Wọn Ò Jẹ́ Kí N Kó

Naimat ọmọ mi,

Àsàláámù aláekun. Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí ẹ̀rọ amúlétutù tí ẹ̀ ń sùn sábẹ́ rẹ̀ bí ẹja inú yìnyín. Bí Àbújá ò bá tíì jẹ yín tán, a dúpẹ́. Ìyá rẹ ṣì ń bá mi jà láràárọ̀, nítorí náà ara rẹ̀ le.

Ohun tó mú mi kọ̀wé ni inṣọ́ránsì ìlera tí o ń bá mi san, èyí tí èmi àti Múìdéènì ọ̀rẹ́ mi jọ forúkọ sí. O ní kí n fọkàn balẹ̀, mo sì fọkàn balẹ̀ títí ọdún fi yí po, kò kàn mí. Ta ló ń dá èésú lọ́dún gbáko tí kò ní kó o? Ni mo bá wọ agbádá lọ sí ilé ìwòsàn ní Joju, mo sọ fún Nọ́ọ̀sì Àpọ́nlé pé mo wá kó tèmi. Ó ní kí ló ń ṣe mí. Mo ní kò sí, ṣé aláìsàn nìkan ló ń kó èésú ni? Ó fi nǹkan fún mi lápá láti wo bí ẹ̀jẹ̀ mi ṣe ń ru, kò ru. Ó tẹ ikùn mi, ikùn ò ké. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó kúkú gún mi lábẹ́rẹ́ kan, kí n má padà sílé lọ́wọ́ òfo, ó kọ̀. Mo ní pẹ̀lú ahun yìí, á jẹ́ pé ọkọ rẹ̀ ń gbààwẹ̀ láìsí Ràmàdáánì.

Lọ́sẹ̀ náà gan-an ni ìjọba pe ìpàdé ní Ọ̀tà, pé kí ará ìlú wá sọ ohun tó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ tún ṣe nínú ètò ìlera. Ẹnì kan ní kí wọ́n dá àwọn dókítà tó ń sá lọ sílùú òyìnbó dúró, ẹnì kan ní òògùn ni kí wọ́n kọ́kọ́ rà, obìnrin kan láti Adó-Odò ní kí wọ́n tan iná sí yàrá ìgbẹ̀bí ná. Èmi náà nawọ́. Mo ní kí inṣọ́ránsì máa yí kárí, bó bá kan ẹni tí ara rẹ̀ le, kó gbé e fún ìyàwó rẹ̀ tàbí kó tà á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, màá yọ orúkọ mi kúrò lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún mi débi pé mo tún un sọ.

Mọ́ńdè ò tíì dé tí ìpá Múìdéènì fi dìde sí i. O mọ ìpá yẹn, tí mo máa ń kí lọ́tọ̀ bí mo bá ti kí i tán. Wọ́n sáré gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún un lọ́jọ́ náà. Dókítà ní bó bá pẹ́ díẹ̀ sí i ni, òkú rẹ̀ là bá gbé wálé. Inṣọ́ránsì ló sanwó, àwọn ọmọ rẹ̀ ò ta ilẹ̀.

Nígbà tí mo lọ wò ó, mo ní ó ti kó tèmi mọ́ tirẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì dùn ún lójú abẹ. Ó ní, "Fàlílù, bó o bá fẹ́ ẹ, gorí bẹ́ẹ̀dì yìí wá gbà á, ṣùgbọ́n oò ní mú owó kó o fi ọ̀bẹ sílẹ̀."

Mo jókòó tì í títí ó fi sùn. Mi ò yọ orúkọ mọ́.

Jọ̀ọ́, fi owó ránṣẹ́ kí n ra ẹja àrọ̀ fún un. Bó o bá fi ti ẹnu èmi náà kún un, mi ò ní bínú. Máa san inṣọ́ránsì náà lọ. Ìwọ àti ọkọ rẹ náà, Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ máa dá a, kí ẹ dá a títí ẹ ó fi hewú, kó má sì kàn yín láéláé. Àmín.

Bàbá rẹ,
Fàlílù Àjàlá