Irun Preye Tí Wọ́n Pè Ní Oògùn

                                        Ojúlé 12, Ẹ̀yìn Ọjà Boundary,
                                        Ajégúnlẹ̀, Èkó.
                                        9 Oṣù Kẹta, 2025.

Àdùfẹ́, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé dáadáa lo wà? Bàbá Ṣayọ̀ ńkọ́? Orúnkún tó ń dun ìyá yín ńkọ́, ṣé wọ́n ti ń rìn? Èmi ń jẹ, mo ń mu, àmọ́ inú ń bí mi. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọdé lẹ bí mi nínú. Má bínú, ìwọ nìkan ni mo mọ̀ nínú wọn, ìwọ náà lo máa gbọ́ ọ.

Ṣé o rántí Philomena, oníbàárà mi, tí kọntéínà já lù ní Malu Road lóṣù tó kọjá? Kò ní ẹbí kankan níbí, ni wọ́n bá mú Preye, ọmọ rẹ̀ ọdún méje, lọ sí ilé ìtọ́jú ọmọ kan lọ́nà Kirikiri. Ìtọ́jú dà?

Òfin wọn ni pé kí gbogbo ọmọ tuntun fárí, nítorí iná orí. Bẹ́ẹ̀, irun olówùú ni Philomena di fún un láàárọ̀ ọjọ́ tó kú. Obìnrin mẹ́ta ló di ọmọ náà mú. Àwọn àgbà ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Àwọn tiyín fá a níṣojú olórí, wọn ò sì bi í léèrè. Láti ọjọ́ náà, Preye ò lanu sọ̀rọ̀ mọ́. Wọ́n wá kọ ọ́ síwèé pé olóríkunkun ni, Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí sì ni wọ́n fẹ́ gbé e lọ sílé àwọn ọmọ aláìgbọràn.

Sátidé àná ni wọ́n tó jẹ́ kí n wọlé. Mátírọ́ọ̀nù gbé ọ̀rá kan síwájú mi bí ẹni mú olè. Ó ní abẹ́ ìrọ̀rí ọmọ náà ni àwọn ti rí i, ó ní, "Ẹ wo oògùn! Wíìṣì ni ọmọ yìí, àjẹ́ ni!" Kò sì sí ọmọ tí wọ́n ń jẹ́ kó bá a jẹun mọ́.

Àdùfẹ́, irun ni mo rí nínú ọ̀rá, tòun ti òwú pupa. Èmi ni mo ta òwú náà fún Philomena! Ọmọ náà ló ṣa irun orí rẹ̀ nínú ilẹ̀ tí wọ́n gbá. Mo pariwo mọ́ mátírọ́ọ̀nù débi pé géètìmáànù sáré wọlé.

Mo já ọ̀rá náà gbà, mo fi lé Preye lọ́wọ́. Ló bá lanu, ó ní, "Àǹtí, tí irun mi bá hù, ṣé mọ́mì mi á tún wá dì í?"

Gbogbo ìwé tí wọ́n kọ nípa rẹ̀, kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ti kú.

Bá mi kí gbogbo ilé. Àmọ́ kó o tó kí wọn, wọ bàtà rẹ, kó o wá dá wọn dúró kí Ọjọ́bọ̀ tó dé. Mi ò tíì dá ọmọ náà lóhùn.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tínú ń bí,
Ọdúnayọ̀ Onídìrí