Ẹfun Tí Mo Fi Kọ̀wé sí Òkè

Rowena ọmọ mi,

Kí ìwé yìí bá ọ lórí ìdúró, kó má bá ọ lórí ìdùbúlẹ̀. Kí Lọ́ńdọ̀nù má rí ọ fín. Ìyá rẹ wà dáadáa, jáàmù èso ló ń sè lọ́wọ́, ó ní kí n bi ọ́ bóyá o ń jẹun. Ara tèmi náà le, àfi ọkàn mi tí kì í jókòó sójú kan, o kúkú mọ̀ mí.

Ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ tí o ní ká gbin òdòdó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlìkámà ti yọ òdòdó pupa àti aláwọ̀ aró, àwọn kòkòrò pupa alámì dúdú sì ń ti ibẹ̀ wá jẹ àwọn kòkòrò wẹ́wẹ́ tó ń fa omi ara àlìkámà mu. Mi ò tíì fín oògùn apakòkòrò rárá lọ́dún yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo máa ń gbé agolo rẹ̀ jáde, n óò tún gbé e padà.

Wàhálà kan ló dé. Ọkùnrin ọ́fíìsì ìjọba tó ń sanwó fún wa torí pé a gbin òdòdó ní ká gé gbogbo rẹ̀ kí oṣù keje tó parí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ a ò ní gbowó. Ó ní òun ò ní í wá wò ó, sátẹ́láìtì ń wo gbogbo oko láti òkè. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ṣí fìlà tí mo bá wọ oko, mi ò sì tọ̀ sẹ́yìn igbó mọ́. Dennis aládùúgbò wa ní bí fọ́tò bá wù mí tó bẹ́ẹ̀, kí n kúkú fá irùngbọ̀n. Mo fá a.

Ìgbà tí mo gbé ẹ̀rọ ìgéko dé àárín òdòdó ni mo rí àparò tó ń sàba. Kò fò, ó kàn ń wò mí. Mo pa ẹ̀rọ. Bí mo bá gé e, ẹyin fọ́. Bí mi ò bá gé e, owó lọ, owó yẹn la sì fi ń ra epo katakata. Mo rò ó títí, mi ò mọ̀ bóyá orí mi pé, mo gé ìyókù, mo fi tirẹ̀ sílẹ̀, mo wá bu ẹfun, mo fi kọ ọ́ gàdàgbà sórí ilẹ̀ kí wọ́n lè rí i kà lókè pé ẹ jọ̀wọ́, àparò ń sàba níbí. Ìyá rẹ ní kí n kọ ẹ ṣé kún un, mo fi kún un.

Dennis rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó ní ta ni yóò kà á, ṣé áńgẹ́lì ni? Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ kejì òjò rọ̀, ó fọ gbogbo ẹfun náà nù. Mo gbà pé wọ́n ti kà á tán nìyẹn. Lóòótọ́, owó wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Àwọn ọmọ àparò ti jáde, wọ́n ń tọ ìyá wọn lẹ́yìn, wọ́n ń ṣa kòkòrò jẹ. Dennis wá wò wọ́n lánàá, òun náà ṣí fìlà. Ó ní ooru ló mú òun.

Jọ̀wọ́, bí nǹkan díẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ, fi ránṣẹ́ ká fi ra ẹfun mìíràn, torí epo katakata ti gbé owó òdòdó lọ. Mo fẹ́ kọ ọ́ sí wọn pé ọmọ ti jáde; ẹni tí a bẹ̀ tó gbà, ó yẹ ká dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ibikíbi tí o bá jókòó sí láyé, kí ẹni tó gbé ẹ̀rọ dé rí ọ kó tó gé ibẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ,
Clement Thirtle