Kòkòrò Tí Ràfíátù Pa ní Kútọnu

Ràfíátù ọmọ mi, Àjíkẹ́ ọkọ mi,

Àlàáfíà Ọlọ́run kó máa bá ọ gbé nínú yàrá tí o háyà ní Gbégamè. Ṣé ara le? Ṣé òjò kò jò bá ọ? Àwa náà wà ní Pọ́bẹ̀ níbí, a dúpẹ́. Orúnkún ń dun bàbá rẹ, ṣùgbọ́n ẹnu kò dùn ún. Ewúrẹ́ wa bí ìbejì, mo sì sọ èyí abo ní Ràfíátù, má bínú, ó pẹ́ tí mo ti fi orúkọ yẹn pe ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí.

Fọ́tò rẹ dé sórí fóònù. Nígbà tí mo rí i tí wọ́n fi aṣọ funfun wé ọ láti orí dé ẹsẹ̀, tí nǹkan bo imú àti ẹnu rẹ, ọkàn mi já, àfi ìgbà tí bàbá rẹ ní aṣọ iṣẹ́ ni. Ojú nìkan ló kù síta, mo sì fi dá ọ mọ̀.

Mo ti ro ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ títí. O ní ẹ máa ń fi ooru pa kòkòrò àìsàn láìjẹ́ kí ara rẹ̀ bàjẹ́, ẹ óò wá kó òkú rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ èèyàn nínú abọ́, kí àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ rí i kí inú bí wọn, kí ẹ lè mọ èyí tó yẹ fún abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọmọ mi, ẹ̀jẹ̀ ta ni? Bó bá jẹ́ tìrẹ, sọ fún ọ̀gá rẹ pé èmi ni mo fún ọ, kó máa bù ú níwọ̀n. O tún ní àpótí kan ń mú ẹ̀jẹ̀ náà lọ́wọ́ọ́rọ́ bí ẹni pọ̀n ọ́n. Mo kí àpótí náà. Ta ló ń mú ìwọ lọ́wọ́ọ́rọ́?

Ikọ́ àwúbì wọ àdúgbò wa, ni àwọn nọ́ọ̀sì bá wá gún àwọn ọmọ ọwọ́ lábẹ́rẹ́. Àbẹ̀ní, ìyàwó àbúrò bàbá rẹ, gbé ọmọ rẹ̀ wọ yàrá, ó tìlẹ̀kùn, ó ní ẹnikẹ́ni kò ní fi àìsàn sínú ọmọ òun. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ní àìsàn náà ti kú, ọmọ mi ló pa á ní Kútọnu. Ó ní ta ló rí òkú rẹ̀. Mo ní Ràfíátù rí i. Ó bá ṣílẹ̀kùn. Mo bi nọ́ọ̀sì bóyá ó mọ̀ ọ́, ó rẹ́rìn-ín, kò mọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ó ní òótọ́ ni, òkú kòkòrò ló wà nínú ti ikọ́ àwúbì, ara ọmọ sì lè gbóná díẹ̀.

Ó gbóná lóòótọ́. Ní ìrọ̀lẹ́ Àbẹ̀ní gbé ọmọ náà lé mi lẹ́sẹ̀, ó jókòó, ó ń wò mí. Ẹ̀rù bà mí. Mo pè ọ́, fóònù rẹ kò lọ. Ni mo bá ń bẹ àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, mo ní kí wọ́n rọra, òkú ni wọ́n ń lù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ara rẹ̀ ti balẹ̀, ó ń fa ọmú bí ẹni tó ti oko dé. Àbẹ̀ní kúnlẹ̀, ó ní kí n kí ọ. Inú mi dùn, mo sì sunkún, torí pé bí ìwọ ṣe wúwo lẹ́yìn mi nígbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́ ni ọmọ yẹn ṣe wúwo.

Iléyá méjì ti kọjá tí o kò wálé. Mo ń yan ẹran tìrẹ pamọ́ títí yóò fi bàjẹ́.

Bí owó bá wà, fi díẹ̀ ránṣẹ́ fún oògùn orúnkún bàbá rẹ. Bá mi ra aṣọ òtútù àlòkù kan ní ọjà Misẹ̀bo, ṣùgbọ́n má fi rán ẹnikẹ́ni o, ìwọ ni kí o gbé e wá. Ohun tí o ń pa kò ní pa ọ́. Ọwọ́ rẹ kò ní gbọ̀n lẹ́nu iṣẹ́, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ìwọ náà gbọ́ ẹkún ọmọ tìrẹ, àmín.

Bó bá jẹ́ Sátidé lo dé, má wá mi lọ sílé. Ibi tí tasí Kútọnu ti ń já èrò ni mo máa ń jókòó sí. Àwọn awakọ̀ ti mọ̀ mí. Kí wọ́n tó dúró rárá ni wọ́n ti ń ké sí mi látojú fèrèsé pé Ìyá Ràfíátù, kò sí nínú ti òní.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.